Bí A Ṣe Tọrọ Ràṣídì Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ̀

Ilé wa ní Sùúrùlérè,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fúnkẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ara mi le, bàbá rẹ náà sì wà nínú pálọ̀, ó ń bá rédíò rẹ̀ jà. Mo gbà pé o ti jẹun kí o tó jókòó ka ìwé yìí. Bí o kò bá tíì jẹun, gbé e sílẹ̀ ná, lọ jẹun, kí o tó padà wá bá mi.

Nígbà tí o pè wá lórí fóònù pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ní Abẹ́òkúta, mo hó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi wá béèrè bóyá olè ló wọlé. Inú mi dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, mo gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ohùn rẹ. O ní, "Màmá, ọkùnrin ni gbogbo wọn o. Àwọn míì lára wọn ti ń tún ẹ̀rọ ṣe kí ẹ tó bí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pàṣẹ fún wọn?" Bàbá rẹ já fóònù gbà, ó ní kí o mójú le, kí o dúró gbọn-in. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ nìyẹn, ó dára fún ẹni tó bá ń lọ sí bárékè. Tèmi gùn jù fún fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Yábàá. O ti rí fọ́tò náà lára ògiri, èmi láàárín wọn pẹ̀lú irun áfúrò mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ìgbàkigbà tí o bá béèrè, mo máa ń sọ pé a gbádùn ara wa, màá sì dákẹ́ síbẹ̀. Lónìí, màá sọ ọ́ látòkè délẹ̀, torí inú sáà bọ́ọ̀lù yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ìgbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Sábó ni ilé bàbá mi wà, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ táípù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́jọ́ kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù lẹ ìwé mọ́ ara pátákó pé àwọn ń wá akọ̀wé. Àṣìkọ tó wà nínú ìwé náà pọ̀ débi pé mo dúró níwájú rẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé káputéènì wọn wà lẹ́yìn mi. Ṣẹ́gun ni orúkọ rẹ̀, ọmọ tísà kan ní Sùúrùlérè níbí, Mẹ́tọ́díìsì paraku, ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn ju oúnjẹ lọ.

"Ó ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, àbí?" ló wí. "Ó dáa, ìwọ tó o mọ̀wé, wá ṣe é."

"Èmi kẹ̀? Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù o."

"Ta ló ní kó o gbá bọ́ọ̀lù? Táípù la ní kó o wá tẹ̀."

Bí mo ṣe di Sísí Akọ̀wé nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ̀wé sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yòókù, kí n wá bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa, kí n sì rí i pé jẹ́sì gbẹ kí ọjọ́ eré tó pé. Ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a wọ̀, ife kan báyìí ni gbogbo wa ń lé.

Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa àkọ́kọ́, mo wọ gáùn tuntun tí mo fi aṣọ Tẹ́júoṣó rán, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo dojú kọ ibi tí àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n sinmi, wọ́n mu omi, wọ́n tún padà wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n máa ń pààrọ̀ apá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n tí mo ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fò sókè, mo jó, mo ju gèlè mi sókè, mo ń pariwo pé, "Gòóòlù!" Gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dàpọ̀, gólíkípà wa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí rẹ̀, gbé ojú sókè láti inú ẹrẹ̀, ó wò mí títí. Ó ní, "Sísí Akọ̀wé, ta lò ń bá ṣe gan-an?"

A jàjà borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo lè gbà kọjá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọn kì í ké "Gòóòlù!" tẹ̀lé mi. Ojú tì mí. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá mo lọ bá Dàpọ̀ ní kántíìnì, mo ní kó kọ́ mi. Ọkùnrin ńlá yẹn tú ìdérí ìgò sórí tábìlì, ó tò wọ́n bí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, títí kan ọfúsáìdì tí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú mi, Dàpọ̀ ló máa kọ́kọ́ dáhùn.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí àwọn ọkùnrin yẹn bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí o kò fọwọ́ kàn rí, má ṣe máa mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Ní kí wọ́n fi hàn ọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ ní iṣẹ́ kò ní fẹ́ kí o kùnà, torí ìkùnà rẹ á di tirẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Ràṣídì. Ràṣídì ni wíńgà wa lápá òsì. Múṣín ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo pápá á dìde. Ká sọ òtítọ́, òun ni ẹgbẹ́ wa. Àwọn yòókù kàn ń sáré tẹ̀lé e ni.

Lọ́sẹ̀ kan, Ràṣídì kò wá sí ìdánrawò. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá síbi eré, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí a ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà sì nà wá bí aṣọ òfì. A gbọ́ ìdí rẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù, wọ́n ti lọ dá dúró, àkókò yẹn gan-an ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ńlá wá fún bàbá: tábìlì àti bẹ́ǹṣì fún ilé-ìwé kan. Bàbá ní kí Ràṣídì máa ti kíláàsì bọ̀ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, kó gbàgbé bọ́ọ̀lù. Ó tún ní bí òun bá rí i pé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò jẹ́ kó gbájú mọ́ iṣẹ́, òun á yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ìwọ̀nba ọdún kan ló kù kí Ràṣídì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Wo ohun tí èmi akọ̀wé ṣe. Mo jókòó sídìí táípù, mo kọ lẹ́tà sí bàbá ní Gẹ̀ẹ́sì tó le koko, bí ìgbà tí ìjọba ń kọ̀wé sí ará ìlú, mo sì lu òǹtẹ̀ pupa ẹgbẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ń yangàn bí mo ṣe ń fi í sínú àpò ìwé. Bàbá Ràṣídì ń ka Lárúbáwá geere, ṣùgbọ́n kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí òǹtẹ̀ pupa, àyà rẹ̀ já, ó rò pé kóòtù ló pe òun. Ó sáré gba ojúlé dé ojúlé títí ó fi rí ẹni tó kà á fún un. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, inú bí i ju ti kóòtù lọ. Ràṣídì wá bá wa ní pápá lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ ti bà á jẹ́. Bàbá ní sáà yìí ni màá lò kẹ́yìn."

Mo gba ilé lọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Bísí, wà nílé wa ní Sábó nígbà náà. Ìwọ náà bá a láyé díẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó ní àdúgbò, torí ẹnu rẹ̀ dùn, èmi ni mo sì máa ń gbé báàgì tẹ̀lé e. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbé ẹ̀pà tó ń jẹ sílẹ̀.

"Ìwé lo fi bẹ àgbàlagbà?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ṣé ẹ ò lẹ́sẹ̀ ni? Agbábọ́ọ̀lù mà lẹ pe ara yín! Ẹ dìde, ẹ lọ sílé ọkùnrin náà, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo o."

Bí a ṣe kó ara wa jọ láàárọ̀ Sátidé nìyẹn. Gbogbo wọn wọ jẹ́sì kí bàbá lè mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni wá. A gbé isu, oyin, obì, orógbó àti páálí ṣúgà kan, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Múṣín. Dàpọ̀ ló gbé ṣúgà. Kí a tó dé Ojúwòyè, páálí náà ti fúyẹ́.

A bá bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá pákó. Ràṣídì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, eruku pákó ti sọ irun rẹ̀ di funfun bí ti arúgbó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé à ń bọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí lẹ́búlẹ́bú pákó, èmi kúnlẹ̀ níwájú. Bàbá kò gbójú sókè, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ.

Mo ti há ohun tí mo fẹ́ sọ sórí láti alẹ́ àná. Fúnkẹ́, bí mo ṣe ya ẹnu, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú orí mi ni ohun tí Àǹtí Bísí máa ń sọ bí wọ́n bá lọ tọrọ ìyàwó. Ẹnu mi kàn gbé e jáde fúnra rẹ̀:

"Bàbá wa, àwa ẹbí rere láti Yábàá la dé o. A rí òdòdó kan tó tutù yọ̀yọ̀ nínú ọgbà yín, ó wù wá, a sì wá bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ ká já a."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ nígbà tí mo ti sọ ọ́ tán. Ṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Dàpọ̀ fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, ó fa lẹ́búlẹ́bú pákó símú, ó ń sín láìdabọ̀. Bàbá dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Òdòdó wo?"

"Ràṣídì ni, sà."

Ó yíjú padà, ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú òógùn àti ẹnu tó là sílẹ̀. "Ràṣídì yìí ló tutù yọ̀yọ̀?"

Ìyá Ràṣídì ti yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná, bàbá Ràṣídì, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ẹ̀yin ẹbí ọkọ, àpótí aṣọ dà? Ọmọ wa ò ní lọ lásán o!"

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan ò lè dìde nílẹ̀. Bàbá ń gbìyànjú láti mójú le, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ dìde," ló wí, "ẹ ti fi àyà gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi tó." Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó mú obì kan nínú ẹrù wa, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá Ràṣídì," ó ní, "èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la lọ ro oko bàbá rẹ̀ ní Ìwó. Ọ̀wẹ̀ àna. Ẹ̀yin ẹbí Yábàá, ṣé ẹ̀ ń ṣe ọ̀wẹ̀?"

Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ní, "À ń ṣe é, sà."

"Ó dáa." Ó na ọwọ́ sí òkìtì tábìlì àti bẹ́ǹṣì tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. "Oko mi nìyẹn."

Àdéhùn tí a ṣe ni pé a óò máa wá ṣiṣẹ́ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, òun náà á jẹ́ kí Ràṣídì máa wá gbá bọ́ọ̀lù. Ó wá na ìka sókè. Ó ní, "Àyálò ni o. Bí bọ́ọ̀lù yín bá ti parí, ẹ dá a padà fún mi. Ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ṣì wà lórí ohun tí mo sọ." A dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú Ràṣídì bó ṣe gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ nìyí, Àbẹ̀kẹ́. Bí ẹnì kan bá ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ mọ́, má tíì kọ ìwé sí i. O máa fẹ́ kọ ọ́, torí wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà àti òǹtẹ̀ síwájú rẹ, òǹtẹ̀ sì máa ń wu èèyàn lù. Kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀ láàárọ̀. Mọ ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé àti ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, yọjú sílé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkómọ, lọ síbẹ̀, jókòó, jẹ oúnjẹ wọn.

Mo fẹ́ kí o rí ẹgbẹ́ wa nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní àwọn Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tísà àti ọmọ akọ̀wé ìjọba ni ọ̀pọ̀ lára wọn, wọn kò di òòlù mú rí. Bàbá fún wọn ní sánpépà, ó ní kí wọ́n máa fi ha pákó títí yóò fi dán. Tí àkókò ìrun bá tó, Ṣẹ́gun, Mẹ́tọ́díìsì tí mo sọ, ni yóò sáré bu omi sínú bútà fún bàbá àti Ràṣídì. Dàpọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ìlà fáníìṣì sì wà nídìí ṣòkòtò bọ́ọ̀lù rẹ̀ títí sáà náà fi parí. Àwọn òǹwòran kò mọ orúkọ rẹ̀, "Gólíkípà oníbẹ́ǹṣì" ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ha pákó. Ìyá Ràṣídì máa ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wa, bí a bá sì jẹun tán, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ láàárín àwọn pákó, bàbá á máa ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kan ó pe Ṣẹ́gun, ó ní, "Wá, ìwọ káputéènì. Kí ló dé tí ẹ kì í tètè fún ọmọ yẹn ní bọ́ọ̀lù? Ẹ máa ń dúró títí tí wọ́n á fi dí i mọ́lẹ̀." Ṣẹ́gun, tí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, gba èyí. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ẹgbẹ́ yòókù dáadáa. A borí, a tún borí, a sì wọ àṣekágbá. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ èyí, bí ẹni pé àná ni.

Ṣùgbọ́n òjò dé. Òjò Èkó, o mọ̀ ọ́n. Tábìlì tí a kùn kò gbẹ, àwọn kan wú, a tún wọn ṣe. Sátidé tí a máa gbá àṣekágbá ní Sùúrùlérè gan-an ni bàbá gbọ́dọ̀ kó ẹrù náà dé ilé-ìwé, torí wọ́n fẹ́ wọlé ní Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, iṣẹ́ ṣì kù púpọ̀. Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé, Ṣẹ́gun sì gbaná jẹ.

"Ẹsẹ̀ la fi ń gbá bọ́ọ̀lù, Sísí. A ò lè lọ pa ara wa ní Múṣín láàárọ̀ àṣekágbá. Kí Ràṣídì yọ́ jáde wá. Bàbá á bínú, ìbínú á sì tán."

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Àṣekágbá ni, jàre! Bọ́ọ̀lù á parí lọ́la. Kí ló tún fẹ́ ṣe fún wa?"

Mo bi í léèrè ohun tí bàbá á ṣe fún Ràṣídì. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọmọ náà bá sá kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ti tán fún un nìyẹn. Ràṣídì alára jókòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá jí i gbé, kí wọ́n wá akọ̀wé míì. Dàpọ̀ ló dìde níkẹyìn. Ó ní, "Èmi ń lọ sí Múṣín o. Ìrẹsì ìyá Ràṣídì, kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló ní irú ẹ̀?" Ẹ̀rín ló pa Ṣẹ́gun tó fi gbà.

Rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń tì ọ́ kí o yára gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á ti ọ́, torí iṣẹ́ máa ń kánjú. Bi ara rẹ léèrè ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ bí ọ̀nà náà bá dojú rú. Bí kì í bá ṣe ìwọ, má gbà á.

A dé Múṣín kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò rí wa nínú jẹ́sì tí à ń ha pákó, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyá Ràṣídì sọ fún wọn. Bí télọ̀ iwájú ilé ṣe ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn, tó bu sánpépà. Fọkanáísà tẹ̀lé e. Àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà gbé igbá sílẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ nu tábìlì. Kí wọ́n tó kí ìrun Àílà, iṣẹ́ ti parí, lọ́rì sì ti dé. A to ẹrù sí i, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gun orí ẹrù, èmi àti bàbá jókòó níwájú, a sì ń kọrin láti Múṣín dé Sùúrùlérè bí àwọn tó ti gba ife. A já ẹrù sí ilé-ìwé. Bàbá tọ́jú bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ó ní òun á tún un ṣe, ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ó jókòó lé e. Kò wo bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, àfi ti àárín pákó.

Ẹgbẹ́ kejì ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ó rẹ àwọn ọmọ wa, òtítọ́ ni, Ṣẹ́gun ń fi ojú bá mi sọ ọ́ láti inú pápá. Nígbà tó ku díẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù kan sí Ràṣídì lápá òsì, kíá, kí wọ́n tó ráyè dí i. Ràṣídì gba àárín àwọn méjì kọjá, ó sì gbá a wọlé. Bàbá fò dìde, bẹ́ǹṣì ṣubú. Ó ń pariwo, "Ọmọ mi ni! Ọmọ mi ni o!" fún àwọn tí kò bi í léèrè. Wọ́n fi àkókò kún un, kò sẹ́ni tó tún gbá a wọlé, ilẹ̀ sì ń ṣú. Wọ́n ní ká pín ife náà: ẹgbẹ́ kan á gbé e fún ìdajì ọdún, ẹgbẹ́ kejì á gba ìyókù. Wọ́n ju kọ́bọ̀ sókè láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé e. A pàdánù kọ́bọ̀. Wọ́n gbé ife lọ, a fi ọwọ́ lásán jó délé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àdéhùn pé. Ràṣídì ti kó ìwé àti ẹrù rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sínú àpótí. Nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó kọrin. A wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun fún wa. A dá ọmọ yín padà gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ." Omi ti dé ojú mi, mi ò fi pamọ́.

Bàbá wo àpótí náà. "Ife tí ẹ gbà dà?"

"Ìdajì la gbà, sà. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ló kọ́kọ́ gbé e lọ."

"Ìdajì ife," ó ní. "Ìdajì náà ò tíì sí lọ́wọ́ yín. Ẹ wá fẹ́ dá odidi ọmọ padà fún mi?" Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà sọ́dọ̀ wa. "Ẹ mú un padà lọ. Kó lọ gba èyí tó kù. Kó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kó tó tún gbé àpótí wá síbí."

Ràṣídì dọ̀bálẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, kò lè dìde. Bàbá wọ inú ilé lọ, ó ní òun ń wá ìṣó, ìṣó sì kún ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ mi, bí o bá wọlé bá àwọn ọkùnrin yẹn ní Mọ́ńdè, mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ilé tó ti jáde wá. Bàbá kan, ìyàwó kan, ọmọ kan ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ láàárọ̀ yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀. Bá wọn ṣiṣẹ́, bá wọn ṣeré, jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́, kí o sì máa san án. Olúwa á fún ọ ní ọgbọ́n àti ara líle. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, rí i pé gbogbo wọn padà délé lódidi.

Èmi ni ìyá rẹ, tí orí rẹ̀ ń wú nítorí rẹ jù lọ láyé.